Kí ló dé tí analog páàdì òde òní ń dá rìn, tí ti PS2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

GéèmùMọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó sì ti ń jẹ mí lápò pẹ̀lú.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni mo ní ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, gbogbo wa la mọ òfin yẹn. Nígbà tí mo fi PS2 bẹ̀rẹ̀, Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́. Páàdì á jábọ́, wọ́n á fi í na tábìlì nígbà tí inú bá ń bí wọn, wáyà rẹ̀ á já, a ó so ó, á tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Ní báyìí tí mo ti gbé PS4 àti PS5 wọlé, kì í pẹ́ rárá kí analog òsì, igi kékeré tí àtàǹpàkò ń tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Ọmọ á ti gbé ọwọ́ kúrò, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á ṣì máa rọra sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Tí wọ́n bá nà án tán, á ní òun ò ní sanwó, páàdì ló pa òun. Kí ni kí n wí?

Ìbéèrè mi rèé: ṣé wọn ò mọ páàdì ṣe mọ́ ni? Àbí nǹkan kan ti yí padà láti ayé Sega títí di ìsinsìnyí tí èmi ò mọ̀? Ẹni tó bá ra páàdì PS5 lóde báyìí mọ̀ pé òun náwó.

WinningNìkan:

Bọ̀ọ̀dá, ayédèrú lẹ lọ rà. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: tó bá ti fúyẹ́ jù, tí nǹkan ń dún ṣaka-ṣaka nínú rẹ̀ tí ẹ bá mì í, ẹ ti sọ owó nù nìyẹn. Páàdì PS2 tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo wà níléèwé ṣì wà nílé wa títí di òní, kò sí nǹkan kan tó ṣe analog rẹ̀. Páàdì ìgbà yẹn ni páàdì. Èyí tó kù, ẹ̀ ń tan ara yín ni.

TúnPáàdìṢe:

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ayédèrú o. Ojúlówó pàápàá ń dá rìn, mò ń tú u lójoojúmọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe páàdì ni mò ń ṣe ní Computer Village, n'Íkẹjà, láti orí Sega tí bàbá àgbà kan gbé wá nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ títí dé orí PS5, gbogbo wọn ló ń gba orí tábìlì mi kọjá.

WinningNìkan, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Lórí PS2 yẹn, kí lo fi ń darí agbábọ́ọ̀lù rẹ? Arrow ni, bọ́tìnì ọfà mẹ́rin yẹn. Èmi náà, arrow ni. Ẹni tó bá jókòó tó ń fi analog gbá Winning Eleven nígbà náà, yẹ̀yẹ́ la fi í ṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí analog PS2 rẹ bàjẹ́ nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀ tó wà nínú ti PS4. Ṣùgbọ́n FIFA tòde òní ti gba arrow lọ́wọ́ wa, ètò ìgbábọ́ọ̀lù ló ń lò ó fún, pé kí àwọn ọmọ ẹ gbógun lọ tàbí kí wọ́n rọra sé ẹ̀yìn. Eré sísá, yíyí, bíbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lé ẹ, analog òsì ló ru gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Mọ́kọ́lá, láti ìgbà tó o bá ti ṣílẹ̀kùn títí tí wàá fi tì í, ohun kékeré kan yẹn kì í sinmi.

Bó ṣe débẹ̀ nìyí, torí ìtàn arrow gan-an ni ìtàn páàdì.

Atari 2600 tó jáde ní 1977, igi kan ló dúró sójú àpótí, bọ́tìnì pupa kan wà ní igun. Gbogbo ọwọ́ lèèyàn fi ń fa igi yẹn, ọrùn ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ní 1982, Gunpei Yokoi, òṣìṣẹ́ Nintendo ní Japan, ń ṣe Donkey Kong sórí Game & Watch, géèmù pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò. Igi ò lè dúró lórí nǹkan pẹlẹbẹ. Ló bá ṣe àgbélébùú kékeré kan tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo lè máa darí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kókó kan wà láàárín tó dúró lé, tí apá kan bá lọ sílẹ̀, apá kejì gbọ́dọ̀ gbéra, nítorí náà kò ṣeé ṣe kó o tẹ òsì àti ọ̀tún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, gbé e jáde nílé-lóko ní 1983, láti ọjọ́ yẹn, àtàǹpàkò òsì ló ń rìn, tọ̀tún ló ń jà. Ẹ wo páàdì PS, ó dà bí ẹni pé ọfà mẹ́rin ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú. Ẹ ṣí ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé àgbélébùú kan ṣoṣo ni wọ́n, ike ìta ló kàn bo àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnì ló ń pọ̀ sí i. Sega Mega Drive ní 1988 gbé bọ́tìnì mẹ́ta wá. Nígbà tí Street Fighter II, géèmù ìjà, dé, ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, ìpá mẹ́ta, bọ́tìnì mẹ́ta ò tó nǹkan kan mọ́, wọ́n fi páàdì oníbọ́tìnì mẹ́fà jáde ní 1993. Super Famicom ti ronú ọ̀nà mìíràn láti 1990: ó fi bọ́tìnì mẹ́rin sábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, ó wá fi L àti R sí èjìká páàdì, kí ìka ìfábẹ̀lá náà ríṣẹ́ ṣe. Páàdì yẹn ló bí gbogbo èyí tó kù. Èmi ò ní gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ pé PlayStation ló dá tiẹ̀ sílẹ̀ láti ilẹ̀.

Ohun tí PlayStation ṣe ní 1994 ni pé Teiyu Goto, ẹni tó ya páàdì náà, fi apá méjì sí i tí àtẹ́lẹwọ́ lè dì mú, ó sì kọ̀ láti kọ A, B, C sórí bọ́tìnì. Ó fi àmì rọ́pò lẹ́tà. Onígun mẹ́ta dúró fún ibi tí ojú ń wò, onígun mẹ́rin dúró fún bébà, òbìríkítí túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, X túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá Winning Eleven tí wọ́n kọ èdè Japan sí, ẹ rántí pé òbìríkítí lẹ fi ń wọlé, tí X ń dá yín padà? Àṣìṣe kọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ilé wọn nìyẹn. Ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n yí sódì. PS5 ló pa méjèèjì pọ̀ ní 2020, tí X wá di ìwọlé ní Japan náà.

Ibi tí àìsàn ti wọlé ló kù yìí. Arrow kò mọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. O tẹ̀ ẹ́ tàbí o ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí géèmù di ohun tó ní jíjìn, tí èèyàn lè yọ́ rìn, tó lè rìn gbẹ̀fẹ́, tó lè sáré, wọ́n nílò ohun tó máa sọ ìwọ̀n. Nintendo 64 gbé analog sí àárín páàdì rẹ̀ ní 1996, Sony ò sì jẹ́ kó pẹ́: DualShock dé ní òpin 1997 pẹ̀lú analog méjì, àti ẹ́ńjìnnì kékeré méjì tó ń gbọ̀n. Èyí tó tóbi wà lápá òsì, èyí tó kéré wà lápá ọ̀tún, ìdí tí ìgbọ̀nrìrì ìbọn kò fi jọ ti mọ́tò tó kọlu ògiri nìyẹn.

Ó ní nǹkan kan tó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí Sony fẹ́ fi analog sí i, páàdì ti wà nílẹ̀, wọn ò tún un yà. Arrow dúró sí àyè ọba tó wà, wọ́n ki analog sí ìsàlẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò ní láti tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ kó tó débẹ̀. Xbox tó dé ní 2001 gbé analog òsì sókè, ó gbé arrow sísàlẹ̀. Páàdì Xbox àkọ́kọ́ yẹn tóbi kọjá ààlà, wọ́n ní láti ṣe kékeré fún àwọn ará Japan, èyí tó padà borí ti tẹ́lẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ní ti ibi tí wọ́n fi analog sí, Xbox ló gbọ́n jù. Ẹ lè bá mi jà lórí ẹ̀, mi ò ní yí ohùn padà.

Ó yá, ẹ wá wo inú rẹ̀. Tí mo bá tú páàdì PS4, analog kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpótí irin kékeré kan, ó ní ìdérí aláwọ̀ ewé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan fún òsì àti ọ̀tún, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀. Mo fi abẹ ṣí ìdérí yẹn. Ọ̀nà dúdú kan ló wà nínú rẹ̀ tó tẹ̀ roboto, carbon ni wọ́n fi kùn ún. Lórí ọ̀nà dúdú yìí ni ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fà lọ fà bọ̀ bí o ṣe ń ti analog. Ibi tí ẹsẹ̀ yẹn bá dúró sí ló ń sọ iye iná tó kọjá, ìyẹn ló ń sọ fún géèmù bí o ṣe tì í tó. Ohun tó wà nínú rédíò ìgbà kan tá a fi ń yí ohùn sókè gan-an nìyẹn, ẹ sì mọ bí rédíò àgbà ṣe máa ń há tẹ́ ẹ bá yí i. Páàdì tó ti lo ṣọ́ọ̀bù géèmù, tí mo bá gbé ọ̀nà dúdú yẹn sábẹ́ iná, mo máa ń rí ìlà kan tó ń dán láàárín rẹ̀, tó ti fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ. Ẹsẹ̀ irin ti họ carbon. Ìyẹ̀fun tó họ yẹn á tún wà níbẹ̀, á máa da ìwọ̀n rú. Agbábọ́ọ̀lù ẹ á sì máa rìn.

Ohun kan ṣì wà tó ń bò ó mọ́lẹ̀ láyé PS2. Géèmù ìgbà náà kì í fetí sí nǹkan kékeré tó bá wá láti àárín analog. Ó ní láti kúrò láàárín dáadáa kó tó kà á sí. Géèmù òde òní fẹ́ máa gbọ́ ohun gbogbo, torí kí ọwọ́ lè já gaara, nítorí náà ó ń gbọ́ ìdọ̀tí pẹ̀lú.

N64 ò lo carbon o. Iná àti àwo tó ní ihò wẹ́wẹ́ ló ń lò, ó ń ka ihò bó ṣe ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìdí igi rẹ̀ ń lọ ike mọ́ ike, ẹ bá ṣí èyí tó gbó, ẹ ó bá ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀, igi náà á ti rọ tọ̀ọ̀. Mario Party ló pa púpọ̀ nínú wọn, géèmù tó ní kéèyàn máa yí analog kíkankíkan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi àtẹ́lẹwọ́ yí i títí ọwọ́ fi bó, Nintendo ní láti máa fún wọn ní ìbọ̀wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni Sega Dreamcast, 1998. Òòfà ló wà nínú analog rẹ̀ àti nínú ohun tí ìka ń fà lẹ́yìn. Òòfà ń yí, ohun tó ń ka agbára òòfà wà lọ́tọ̀, wọn ò fara kan ara wọn, kò sí ohun tó máa họ. Sega pa Dreamcast tì ní 2001, òòfà yẹn sì bá a lọ. Àwọn tó kù ń ra carbon torí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwa là ń san ìyókù.

GéèmùMọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé arrow la fi ń gbá a títí tẹ́ ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni! Ojú àmì ọfà ló máa ń họ lára páàdì PS2 mi, analog á ṣì máa dán.

Mo ní ìbéèrè díẹ̀ sí i. Ẹnì kan níbí ń fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ń padà. Ṣé kí n máa bá a lọ? Mo sì ti gbọ́ pé wọ́n ń ta analog olóòfà báyìí. Ṣé ó dáa? Èyí tó tún kù ni R2 PS5, sípíríǹgì rẹ̀ ń já. Ti PS4 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́Leeds:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí bọ̀ọ̀dá Ìkẹjà sọ pé páàdì ń béèrè ìka sí i ṣáá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ mi ní Leeds ní àrùn rọpárọsẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Láti Sega dé PS4, bí ẹ ṣe ń yọ̀ pé èjìká ti ní bọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń tì mọ́ ọn. Àtàǹpàkò méjì, ìka ìfábẹ̀lá méjì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 2018 ni Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde. Pátákó funfun pẹlẹbẹ ni, ó ní bọ́tìnì dúdú ńlá méjì téèyàn lè fi ìgúnpá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ihò 19 tí ẹ lè ki wáyà bọ́tìnì mìíràn bọ̀, ihò irú èyí tí a ń ki earpiece bọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún bọ́tìnì kan lórí páàdì. A fi ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni eré sísá. A fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, ìyẹn ni pé kó gbá a sílé. Ẹ wá wò ó bó ṣe ń fi orí gba góòlù wọlé. Sony náà ṣe tiẹ̀ fún PS5 ní ìparí 2023, Access ni wọ́n ń pè é, roboto ni, a ò tíì rà á.

Tí ẹ bá ń sọ bí páàdì ṣe ń dáa sí i, èyí ni mo máa fi síwájú kí n tó fi ìgbọ̀nrìrì kankan sí i.

WinningNìkan:

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ bá wa kí i o. Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá gbá a, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó.

Bọ̀ọ̀dá Ìkẹjà, mo gba ti arrow. Ti Xbox ni mi ò gbà.

TúnPáàdìṢe:

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ ṣé. Mo ti rí i nínú fídíò, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ kí àbúrò wa.

GéèmùMọ́kọ́lá, gba bẹntiróòlù lọ́wọ́ ẹni yẹn kó tó jó ṣọ́ọ̀bù. Ike kò fẹ́ ẹ, carbon kò fẹ́ ẹ. Tí fífọ̀ ni o fẹ́, ra isopropyl alcohol, èyí tí à ń pè ní IPA, tí omi ò pọ̀ nínú rẹ̀. Kán an sí ìdí analog, yí i dáadáa, jẹ́ kó gbẹ kó o tó tan iná. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán, ó tán. Tó bá jẹ́ pé carbon ti họ ni, á padà, kò sí omi tó ń dá carbon tó ti lọ padà.

Analog olóòfà dáa. Mo ń fi í sí páàdì àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọn kì í tètè padà wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ẹsẹ̀ 14 ni lẹ́ẹ̀dì fi mú analog kan mọ́ bọ́ọ̀dù PS4. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yọ á fa ojú ọ̀nà tó wà lára bọ́ọ̀dù jáde, páàdì kú nìyẹn. Tí wọ́n bá sì fi tuntun sí i tán, àárín rẹ̀ kì í bọ́ sójú ibi tí páàdì ń retí. Wọ́n ní láti fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́ ọ ní ibi tí àárín wà. Oníṣẹ́ tó bá gba owó rẹ tí kò ṣe èyí, padà lọ bá a. Páàdì ayédèrú kì í sábà gba ẹ̀kọ́ yẹn, ibẹ̀ lèmi ti ń mọ̀ wọ́n. Olóòfà míì máa ń jẹ bátìrì. Èyí tí wọ́n kọ TMR sí kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ti R2, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ní eyín ló wà lẹ́yìn R2 àti L2 PS5, òun ló ń ti ìka padà tí géèmù bá ní kó le. PS4 ò ní irú rẹ̀. FIFA sì ń fi R2 sáré, ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ ju kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sípíríǹgì yẹn ò wọ́n, á bọ́ sí i láì lo lẹ́ẹ̀dì rárá, ohun tó le níbẹ̀ ni bí a ṣe ń ṣí i láì já wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sí bọ́ọ̀dù. Lọ sínú ètò PS5 fúnra rẹ̀, pa agbára R2 yẹn, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò nílò rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn oníbàárà rẹ, so páàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣí ojú ìwé tí wọ́n fi ń dán páàdì wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ọwọ́ kúrò. Tí nọ́ńbà analog bá dúró sí tòsí 0, kó sanwó. Tó bá ń sọ 0.1 sókè tí kò sì padà, má gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, kó o gbé páàdì yẹn wá fún mi.